Ẹsẹ̀ Ọmọ àti Ẹnu Ọmọ: Bí Ìrìn àti Ọ̀rọ̀ Ṣe So Pọ̀

Ìtàn tòní kì í ṣe ìtàn ogun, kì í sì í ṣe ìtàn ọba. Ìtàn ọmọ ọwọ́ ni: ìtàn ẹsẹ̀ tó ń kọ́ ìrìn àti ẹnu tó ń kọ́ ọ̀rọ̀, àti bó ṣe pẹ́ tó kí àwọn onímọ̀ tó rí i pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti abúlé kan. Nígbà òjò tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní abà kan lẹ́yìn Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lagelu. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi gbọ́ igbe ọmọ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà kan jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ oṣù mẹ́ta wà lórí itan wọn. Wọ́n fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí pa á lára. Wọ́n fà á ní apá ọ̀tún, wọ́n fà á ní tòsì, wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ikùn, wọ́n tún nà án. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnu wọn kò dákẹ́. Wọ́n ń kì í ní oríkì, wọ́n ń bi í léèrè ohun tó rí lójú oorun, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, wọ́n ń bá a wí. Bí ọmọ bá ní "à-gúù", wọ́n á dúró, wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí?"

Wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "Ìwọ náà! Ṣé igi ni mò ń wẹ̀ ni?"

Ní agbo ilé kan náà, ọmọ mìíràn wà. Ó ti lé ní ọdún kan àti ààbọ̀. Kò tíì rìn, kò tíì pe "màmá". Bí wọ́n bá gbé e jókòó, á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ẹnu ilé kò kò. Ẹnì kan ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn. Ẹlòmíràn ní ọmọ tí kò bá tètè sọ̀rọ̀, ọlọ́gbọ́n ló máa ń dà. Ẹnì kẹta ní kí wọ́n fi ti ẹnu sílẹ̀ ná, kí ẹsẹ̀ kọ́kọ́ mú ilẹ̀, torí pé ọmọ kì í kọ́ ohun méjì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta yìí ni mo gbé délé. Ṣé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ àti ẹnu ń bá ara wọn du àyè, àbí ńṣe ni wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́? Ìbéèrè yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì kan àwa gan-an.

Òṣùwọ̀n láti New Haven

Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Gesell, ti Yunifásítì Yale ní ìlú New Haven, ń wo àwọn ọmọ ọwọ́, ó ń ya fíìmù wọn, ó sì ń kọ ohun tó rí sílẹ̀: ìgbà tí ọmọ gbé orí, ìgbà tó jókòó, ìgbà tó rákòrò, ìgbà tó dìde, ìgbà tó pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Nínú iṣẹ́ yìí ni òṣùwọ̀n kan ti jáde tí àwọn dókítà kárí ayé wá ń lò. Ohun tí Gesell gbà gbọ́ ni pé bí èso ṣe ń pọ́n lórí igi ni ọmọ ṣe ń dàgbà. Ọpọlọ ló ń gbó, àkókò ló ń pé. Kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọwọ́ ìyá sí. Lórí òṣùwọ̀n rẹ̀, ìrìn wà ní ìlà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wà ní ìlà tirẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 1955, obìnrin dókítà kan gbé ìwé ìwádìí jáde ní Paris lórí bí àwọn ọmọ ọwọ́ ilẹ̀ Senegal ṣe ń lo ara wọn ní ọdún àkọ́kọ́. Solange Faladé ni orúkọ rẹ̀. Etí Yorùbá kò lè gbọ́ orúkọ yẹn kó má yí padà: ọmọ Porto-Novo ni, ìlú tí àwa ń pè ní Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin òní. Òun kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú láti Áfíríkà ní ilẹ̀ Faransé. Ó fi òṣùwọ̀n Gesell wo àwọn ọmọ Dakar, ó sì rí i pé ní ti ká gbé orí, ká jókòó, ká dìde, wọ́n ṣíwájú àwọn ọmọ òyìnbó.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1957, Marcelle Geber, tó wá láti ilẹ̀ Faransé, àti Dókítà Dean tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Kampala, ní Uganda, sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ní láti ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ Áfíríkà ni ara rẹ̀ ti le ju ti ọmọ òyìnbó lọ. Ariwo ta. Àwọn kan mú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti àwọ̀: wọ́n ní ara ọmọ Áfíríkà ló ń tètè gbó, bí ẹranko ṣe ń tètè dìde. Ẹ kíyè sí i. Ohun tó yẹ kó jẹ́ ìyìn fún ìyá di ẹ̀gàn fún ọmọ. Nígbà tí Neil Warren yẹ gbogbo àwọn ìwádìí náà wò ní ọdún 1972, ó rí i pé ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lágbára.

Ọwọ́ ta ló wà níbẹ̀?

Ẹni tó tú okùn ìdí ọ̀rọ̀ náà ni Charles Super, ní ọdún 1976. Abúlé àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Kokwet, ní ìwọ̀-oòrùn Kenya, ló jókòó sí. Ó rí i pé ọmọ ibẹ̀ ń jókòó, ó sì ń rìn, ní bí oṣù kan ṣáájú ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan rírákòrò, ọmọ Kokwet kò ṣíwájú ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe é, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ náà kò dé orúnkún?

Ìdáhùn wà lójú gbangba. Àwọn ìyá Kokwet ń kọ́ ọmọ ní jíjókòó. Wọ́n ń gbẹ́ kòtò kékeré sínú ilẹ̀, wọ́n ń fi aṣọ há ọmọ síbẹ̀ kó má baà wó. Wọ́n ń di ọmọ lápá mú, wọ́n ń kọ́ ọ ní ìrìn. Ṣùgbọ́n rírákòrò, wọn kò kà á sí ẹ̀kọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ ló yá. Èyí tí wọn kò kọ́ ọ kò yá.

Ní ọdún 1988, Brian Hopkins àti Tamme Westra tún gbé ọ̀rọ̀ náà dé England, láàárín àwọn ìyá tó ti Jamaica wá. Lẹ́yìn ìwẹ̀, àwọn wọ̀nyí ń fa ọmọ lápá, wọ́n ń nà án lẹ́sẹ̀, wọ́n ń gbé e sókè. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé ẹ̀yìnkùlé Lálúpọn lòun wà. Ọmọ tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tètè jókòó ju ọmọ tí wọn kò ṣe é fún.

Tiwa kò yàtọ̀. Ní Akínyẹlé, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ọ̀nà-Àrà, ìyá á fi aṣọ yí ìdí ọmọ ká kó lè jókòó. Bí ọmọ bá dìde, ará ilé á pàtẹ́wọ́ fún un kó máa gbé ẹsẹ̀. Èdè wa tilẹ̀ ti fi ara sọ orúkọ ọjọ́ orí: ọmọ ọwọ́ ni ẹni tí a ń gbé, ọmọ ìrìnsẹ̀ ni ẹni tó ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. A ti ń ka ọdún ọmọ láti ara bó ṣe ń lọ kiri, kó tó di pé kàlẹ́ńdà dé.

Ibi tí ẹnu ti bá ẹsẹ̀ pàdé

Títí di ìgbà yìí, gbogbo àríyànjiyàn náà dá lórí ara nìkan. Ẹnu ọmọ ṣì wà ní ìlà tirẹ̀. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìlà méjèèjì papọ̀ ni nǹkan yí padà.

Ní ọdún 2010, Jana Iverson, onímọ̀ kan ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, kó ohun tí a ti mọ̀ jọ. Ẹ wo ọmọ bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ. Àkókò tó ń mi apá rẹ̀ gìrìgìrì, tó ń fi ṣíbí lu àwo, ni ẹnu rẹ̀ náà ń bẹ̀rẹ̀ sí í lù: bá-bá-bá, dá-dá-dá. Ìlù kan náà ni apá àti àgbọ̀n ń lù. Nígbà tó bá sì ti lè jókòó fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á gbòmìnira. Á lè mú nǹkan, á lè yí i wò, á lè fi í sẹ́nu, á sì rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀, àjà ló ń wò. Ẹni tó jókòó, ojú ènìyàn ló ń wò.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn. Karen Adolph àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní New York ka ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2012: nínú wákàtí kan, ọmọ kan ń gbé ìṣísẹ̀ 2,368, ó sì ń ṣubú nígbà 17. Kí ló ń wá kiri bẹ́ẹ̀? Lana Karasik, láti inú ikọ̀ kan náà, ti fi hàn ní ọdún 2011 pé ọmọ tó ń rákòrò á máa fi nǹkan han ìyá rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń rìn á gbé nǹkan náà, á rìn tọ ìyá rẹ̀ lọ, á nà án sí i. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ìyá á yí padà. Dípò "ẹn, mo rí i", á ní, "Ṣí i. Gbé e wálẹ̀. Mú u lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ." Ìrìn ọmọ ló fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu àgbà.

Ní ọdún 2014, Eric Walle àti Joseph Campos wo àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò ju ara wọn lọ. Àwọn tó ti ń rìn lóye ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, wọ́n sì ń sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, ju àwọn tó ṣì ń rákòrò. Nítorí náà, ìdáhùn sí ẹnì kẹta wa ní abà ni pé ẹsẹ̀ kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnu. Ẹsẹ̀ ń gbé ọmọ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Ẹsẹ̀ nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá rìn lọ bá àgbà, tí àgbà náà tẹ orí ba fóònù, òfo ni ìrìn yẹn já sí. Èyí ló mú kí iṣẹ́ rírán jẹ́ ọgbọ́n ńlá. Nínú ohun tí Marian Zeitlin kọ ní ọdún 1996 lórí bí Yorùbá ṣe ń tọ́ ọmọ kékeré, iṣẹ́ rírán gba àyè tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: "Lọ bá mi mú abẹ̀bẹ̀ wá" jẹ́ ìdánwò etí, ìdánwò ẹsẹ̀, ìdánwò ọwọ́ àti ti ìrántí, nínú gbólóhùn kan. Bí ọmọ bá dé, tí a kí i pé "O ṣeun, ọkọ mi", a ti fi ọ̀rọ̀ san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti èdè wa. Ní ọdún 2000, Phil Harrison gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tí Yorùbá ń wọ̀ létí. Wọ́n ti ń dá ìyàtọ̀ ohùn mọ̀ lọ́nà tí ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò fi ń dá a mọ̀. Ọmọ tí kò tíì lè pe "ọkọ́" tàbí "ọkọ̀" ti ń gbọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn. Ìyá àgbà tó ń ki oríkì lórí ọmọ oṣù mẹ́ta kò sọ̀rọ̀ fún igi.

Nígbà tí ohun kan bá ba méjèèjì jẹ́

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ àti ẹnu bá jọ ń dàgbà, wọ́n tún lè jọ fara gbọgbẹ́. Ibí yìí ni ìtàn náà ti kan ọmọ kejì tí mo rí ní abà.

Nígbà tí mo bi ìyá rẹ̀ léèrè bí ìbí rẹ̀ ṣe lọ, ó ní, "Ó dáa, bùrọ̀dá. Àfi pé ojú ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n ní ka máa gbé e sóòrùn àárọ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi mu ọmú."

Ibà apọ́njú nìyẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní jọ́ńdíìsì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló ń ní díẹ̀ nínú rẹ̀, tó sì ń lọ. Ṣùgbọ́n bí ohun pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ bá pọ̀ jù, ó ń wọ ọpọlọ. Ibi tó ń kọ́kọ́ bà jẹ́ níbẹ̀ ni ibi tó ń darí ara àti ibi tí etí ń gbà gbọ́. Ọmọ náà á yè, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kò ní le bó ṣe yẹ, apá àti ẹsẹ̀ á máa lọ́, etí rẹ̀ á sì di. Ẹni tí kò gbọ́ kò lè pe ohun tí kò gbọ́. Ọgbẹ́ kan, ó mú ẹsẹ̀, ó mú ẹnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Nínú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá, ó tó ọkùnrin kan nínú márùn-ún tí kò ní tó nínú èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ní Ìbàdàn, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣègùn ti ń kọ̀wé lórí rẹ̀. Ẹni tó ní in lè má mọ̀ títí ayé, àfi bí ohun kan bá fọwọ́ kàn án. Káńfọ̀ tí a ń jù sínú àpótí aṣọ ọmọ wà lára ohun bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1980, ní Èkó, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti, ẹni tó padà di mínísítà ìlera, fi hàn pé àwọn ohun ìpara tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lì nínú, tí a ń fi sí ìwọ́ ọmọ, náà léwu fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ìwòsàn rẹ̀ kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Ní ọdún 1956, nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù Rochford ní England, Jean Ward, ṣàkíyèsí pé ibi tí oòrùn bá kàn lára ọmọ ń mọ́ ju ibi tí aṣọ bò lọ. Láti ibẹ̀ ni iná aláwọ̀ búlúù tí à ń tan sórí ọmọ ní ọsibítù ti wá. Ní ọdún 2015 pàápàá, ìwádìí kan láti Èkó fi hàn pé oòrùn tí a fi ọ̀rá pàtàkì sẹ́ lè ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ọsibítù ni wọ́n ti ṣe é, wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Oòrùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé kò lè ṣe é. Ohun tó ń pa ọmọ lára jù ni ọjọ́ méjì tí a fi ń dúró.

Ohun tó yẹ ká máa wò

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti nǹkan bí ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ti ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, ń lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé lọ wo àwọn ọmọdé. Níbẹ̀ ni ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀ tó padà tàn kárí ayé: ìwé tí a ń fi ìlà kọ ìwọ̀n ọmọ sí, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú nílé. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé a kì í wo ọjọ́ kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà là ń wò. Bí ìlà náà bá ń gòkè, ó dáa. Bó bá tẹ́jú, ẹ tètè bèèrè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ká máa wo ẹsẹ̀ àti ẹnu. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, wo àwọn ọmọ tí ara wọn le ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ghana sì wà nínú wọn. Nínú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006, ọmọ ń dá jókòó láàárín oṣù 3.8 sí 9.2, ó sì ń dá rìn láàárín oṣù 8.2 sí 17.6. Ẹ rí i pé àyè náà fẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bíi mẹ́rin ni kò rákòrò rárá, wọ́n sì rìn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọmọ tirẹ̀ wé ti aládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá pé oṣù mẹ́wàá tí kò lè dá jókòó, tàbí tó pé oṣù 18 tí kò rìn, tí kò pe ọ̀rọ̀ kankan, tàbí tí kì í yíjú sí ariwo, ẹ má dúró de ìtàn bí bàbá rẹ̀ ṣe pẹ́. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ àti ẹnu ló pẹ́ papọ̀, ẹ yára. Kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tàbí tó pọ́n dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí kò mu ọmú, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ tàbí tó ń tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun, ọjọ́ yẹn gan-an ni ká gbé e lọ sí ọsibítù.

Ohun kan tún wà, fún àwọn tó ń ra kẹ̀kẹ́ ìkọ́rìn onítáyà tí a ń ki ọmọ bọ̀. Kò mú ọmọ tètè rìn. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999 fi hàn pé ńṣe ló ń dá a dúró. Ní ọdún 2004, ìjọba Canada fòfin dè é pátápátá. Ọwọ́ ènìyàn ló ń kọ́ni ní ìrìn, torí pé ẹnu wà lórí ọwọ́ ènìyàn.

Ọmọ abà Lálúpọn ńkọ́? Wọ́n gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Etí rẹ̀ kan kò gbọ́, èkejì ń gbọ́ díẹ̀. Wọ́n kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa na ẹsẹ̀ rẹ̀, bí yóò ṣe máa gbé e jókòó, àti bí yóò ṣe máa dúró síwájú rẹ̀ kó tó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tún padà lọ, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Ìyá àgbà ti wẹ ọmọ kékeré tán, wọ́n ti gbé èyí ńlá sórí itan. Wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n nà án, wọ́n mú ojú wọn súnmọ́ ojú rẹ̀ gan-an, wọ́n ń kì í. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹnu wọn. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó fọwọ́ kan ètè wọn.

Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Mo ní kì í ṣe igi."

Ibi tí a ó dúró sí lónìí nìyẹn o. Bí aboyún tàbí ìyá ọmọ tuntun bá wà nítòsí yín, ẹ sọ ti káńfọ̀ àti ti ojú tó ń pọ́n fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dìgbà kan ná.